Nile, Zambezi, Colorado tàbí Futaleufú: odò wo ni kí ẹ wọ̀?

Ẹni tí ọkọ̀ ti dà sómi rí láàárín ìgbì mọ̀ pé kì í ṣe bí ìgbì ṣe ga tó ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ béèrè. Ohun tó yẹ ká béèrè ni pé: bí mo bá já sómi, ibo ni omi máa gbé mi dé, báwo ló sì ṣe máa pẹ́ tó kí n tó rí ibi tí mo ti lè mí dáadáa? Odò mẹ́rin tí mo fẹ́ fi wéra yìí lórúkọ láàárín àwọn tó fẹ́ràn àtimáa tukọ̀ níbi tí omi ti ń ru. Gbogbo wọn ló le. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó bá já sómi ò jọra rárá. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó wo fọ́tò, kí ẹ sì tó wo owó.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Ìpele mẹ́fà ni àwọn atukọ̀ pín omi ríru sí. Ní ìpele kìíní, omi ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ní ìkẹta, ìgbì ti wà tó lè da ẹni tí kò mọ ọkọ̀ wà sómi. Ìkẹrin gba pé kí ẹ lè darí ọkọ̀ síbi tí ẹ fẹ́ gan-an, lásìkò tí ẹ fẹ́. Ìkarùn-ún le débi pé àṣìṣe kékeré lè pani lára gidigidi. Ní ti ìkẹfà, ọ̀pọ̀ jù lọ máa ń gbé ọkọ̀ wọn rù, wọ́n á sì gba orí àpáta kọjá.

Ìpele yìí wúlò, ṣùgbọ́n ó ń tan èèyàn jẹ. Ó ń sọ bí ibì kan ṣe le tó, kò sọ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìpele karùn-ún tí ibú tó dákẹ́ rọ́rọ́ tẹ̀ lé, tí omi rẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, máa ń rọni lọ́rùn ju ìpele kẹrin tó ń bọ́ tààrà sínú ìpele kẹrin mìíràn láàárín àpáta, nínú omi tútù.

Torí náà, mo wo ohun tó wà nísàlẹ̀ ibi ríru, bí omi ṣe tutù tó, àti ọ̀nà tí èèyàn lè gbà jáde bí nǹkan bá bàjẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá wo àsìkò, owó àti ìwé àṣẹ. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ló wúwo jù lójú mi. Owó tí ẹ kò bá rí kó jọ lọ́dún yìí, ẹ lè kó o jọ di ọdún tó ń bọ̀.

Nile ní Jinja, Uganda

Ní Jinja, tó tó nǹkan bí 80 kìlómítà sí Kampala, ni Nile ti jáde látinú adágún Victoria. Omi ibẹ̀ pọ̀, ó jìn, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ jálẹ̀ ọdún. Ibú gbígbòòrò ló sábà máa ń wà nísàlẹ̀ ibi ríru. Ibẹ̀ ni àwọn oníkayak (kayak ni ọkọ̀ kékeré tóóró tí ẹnì kan ń tù) tó ń ṣọ́ ọkọ̀ ti máa ń wá kó ẹni tó bá já sómi. Torí pé omi jìn, èèyàn kì í sábà fi ara gbá àpáta bíi ti odò tóóró. Ìgbì lè rì yín mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, ẹ̀rù á sì bà yín gan-an, ṣùgbọ́n ó máa ń tu yín sílẹ̀ níbi tó láàyè. Kò sí ibi tó dára ju èyí lọ láti kọ́ ara bó ṣe yẹ kó ṣe nínú omi ńlá: kí ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, kí ẹsẹ̀ ṣíwájú, kí ẹ má sì gbìyànjú láti nàró níbi tí omi ti ń sáré, torí ẹsẹ̀ lè há sábẹ́ àpáta.

Àmọ́ Nile tí àwọn èèyàn ń ròyìn ní ogún ọdún sẹ́yìn kọ́ ló wà níbẹ̀ báyìí. Dáàmù Bujagali tí wọ́n parí ní 2012 ti bo àwọn ibi ríru tó lókìkí jù lẹ́bàá ìlú. Nígbà tó di 2019, wọ́n ṣí dáàmù Isimba, ìyẹn náà sì bo òmíràn, títí kan Nile Special, ìgbì kan tí àwọn oníkayak ń ti ibi gbogbo láyé wá gùn. Ó dùn mí dọ́kàn, torí irú ìgbì bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ láyé. Ibi ríru tó ṣẹ́ kù láàárín dáàmù méjèèjì ṣì tó ṣe ìrìn-àjò kan, Itanda sì wà lára wọn, èyí tí àwọn tó mọṣẹ́ gan-an pàápàá máa ń dúró wò dáadáa kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ṣì ń fi fọ́tò àtijọ́ polówó, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń wọ omi lónìí àti ibi tí wọ́n ti ń jáde.

Ọ̀rọ̀ ìlera ni kí ẹ kíyè sí níbí. Kòkòrò bilharzia, tí ìgbín inú omi ń gbé kiri, wà ní agbègbè yẹn. Ó ní òògùn, ẹ sọ fún dókítà yín pé ẹ wọ omi náà kí ó lè sọ ìgbà tó yẹ kí ẹ ṣe àyẹ̀wò. Ibà wà pẹ̀lú, Uganda sì máa ń béèrè káàdì àjẹsára ibà pọ́njú. Ní ti owó, òun ló fúyẹ́ jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: nǹkan bí $100 sókè fún ọjọ́ kan. Ìrìn-àjò tó rọrùn tún wà, ní ìpele kẹta, fún ẹni tí kò fẹ́ ìkarùn-ún.

Zambezi lábẹ́ Mosi-oa-Tunya

Láàárín Zambia àti Zimbabwe, níbi Mosi-oa-Tunya, ìyẹn Victoria Falls, odò kan tó fẹ̀ ju 1,700 mítà lọ já bọ́ láti òkè tó ga tó 108 mítà, gbogbo omi náà sì fún ara rẹ̀ sínú ọ̀gbun tóóró kan. Ohun tó mú kí Zambezi máa ru bẹ́ẹ̀ nìyẹn: omi púpọ̀, àyè kékeré. Ní 1981 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọkọ̀ rọ́bà gba inú ọ̀gbun Batoka kọjá. Láti ìgbà yẹn, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe àwọn ibi ríru, láti 1 títí dé 25, àwọn kan sì tún ní orúkọ ìnagijẹ. Nọ́ńbà 9 ni wọ́n ń pè ní Commercial Suicide, ẹsẹ̀ ni àwọn oníbàárà sì fi ń rìn kọjá rẹ̀. Bí amọ̀nà bá sọ fún yín níbẹ̀ pé ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Tí a bá wò ó látojú ẹni tó já sómi, Zambezi jọ Nile: omi jìn, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ibú sì wà nísàlẹ̀. Ìyàtọ̀ wà nínú agbára rẹ̀. Ìgbì ibẹ̀ tóbi jù, ó sì ń da ọkọ̀ délẹ̀ léraléra, débi pé ẹni tó bá fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun máa lúwẹ̀ẹ́. Bí omi bá kún, ìyípo omi máa ń yọ níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀, ó sì lè fa èèyàn wọlẹ̀ bó tilẹ̀ wọ ẹ̀wù agbéniléfòó. Ọ̀nì kéékèèké wà nínú ọ̀gbun náà, torí náà kò dáa kéèyàn kàn máa léfòó káàkiri níbi tí omi ti dákẹ́. Ẹ tètè padà sínú ọkọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rò tẹ́lẹ̀ ni bí wọ́n ṣe máa jáde. Ògiri ọ̀gbun náà ga ju 200 mítà lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ kan gbáko nínú omi, tí apá ti ń ro yín, ẹ̀ẹ́ tún gun òkè nínú ooru oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá. Ní àwọn ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Zambia, ẹ̀rọ wà tó ń fa èèyàn gòkè. Ẹni tí orúnkún ń dùn gbọ́dọ̀ béèrè nípa èyí kó tó sanwó. Ọ̀nà jíjáde yìí kan náà ni wọ́n máa fi gbé ẹni tó bá fara pa, torí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn nìkan.

Ẹ fara balẹ̀ ro ọ̀rọ̀ àsìkò. Òjò agbègbè náà máa ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, ṣùgbọ́n ibi jíjìn lókè odò ni èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà ti ń bọ̀, torí náà nǹkan bí oṣù kẹrin ló máa ń kún jù. Láàárín ìgbà yẹn, àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Oṣù kẹjọ sí oṣù kejìlá ni omi máa ń lọ sílẹ̀, ìgbà yẹn ni odò náà sì ń fi gbogbo eyín rẹ̀ hàn, torí bí omi bá fà, ìsọ̀kalẹ̀ á yọ, àwọn ibi ríru á sì dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú ibú láàárín wọn. Ìgbà yẹn ni mo máa yàn.

Iye owó ọjọ́ kan fi díẹ̀ ju ti Nile lọ, owó ọgbà àti ìwé ìwọ̀lú sì tún wà. Ìwé ìwọ̀lú KAZA kan ṣoṣo lè gba ọmọ àwọn orílẹ̀-èdè kan wọ Zambia àti Zimbabwe, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá tiyín wà lára wọn. Ètò láti kọ́ dáàmù sí ọ̀gbun Batoka ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jinja, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó máa sún Zambezi síwájú lọ́dọọdún.

Colorado nínú Grand Canyon, Amẹ́ríkà

Èyí yàtọ̀ pátápátá, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan. Láti Lees Ferry dé Diamond Creek jẹ́ nǹkan bí 226 máìlì, ìyẹn bíi 364 kìlómítà, nínú àfonífojì tí ọ̀nà ọkọ̀ kò wọ̀. Ìgbé ayé gan-an lẹ fẹ́ lọ bẹ̀rẹ̀ lórí omi: oúnjẹ, ibùsùn, ìgbẹ́, òògùn, gbogbo rẹ̀ lẹ máa gbé sínú ọkọ̀.

Òkúta tí omi òjò gbá wá látinú àwọn ọ̀gbun ẹ̀gbẹ́ ló dá ọ̀pọ̀ ibi ríru ibẹ̀. Crystal kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan kan tẹ́lẹ̀ títí di oṣù kejìlá 1966, nígbà tí àgbàrá kan ti òkúta wọ odò, tó sì sọ ọ́ di ọ̀kan lára èyí tí wọ́n ń bẹ̀rù jù. Torí bí wọ́n ṣe dá sílẹ̀ yìí, omi tó dákẹ́ pọ̀ láàárín wọn, òkè ibi ríru kọ̀ọ̀kan sì sábà máa ń dà bí adágún, ẹ ó sì ráyè gúnlẹ̀, kí ẹ rìn lọ wò ó kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Lava Falls, ní máìlì 179, ni gbogbo èèyàn máa ń rò lọ́kàn láti ọjọ́ kìíní. Wọ́n kì í fi ìpele mẹ́fà wọn odò yìí, láti 1 dé 10 ni wọ́n ń kà á, torí náà ẹ má ṣe rò pé 5 ibẹ̀ jẹ́ ìpele karùn-ún.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni òtútù. Abẹ́ adágún Powell ni omi ti ń gba dáàmù Glen Canyon jáde, ó sì sábà máa ń wà ní nǹkan bí dígíríì 8 sí 10 bí ẹ bá ń wọ̀ ọ́ ní Lees Ferry. Bí adágún náà bá fà, omi rẹ̀ á móoru díẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Irú òtútù bẹ́ẹ̀ lè gba èémí mọ́ èèyàn lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀ tó bá já sómi, lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ ló kàn. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ìka kò ní lè di okùn mú mọ́, ẹni tó mọ̀wẹ̀ dáadáa kò sì ní lè fa ara rẹ̀ wọ ọkọ̀. Ooru òkè ibẹ̀ ń tan èèyàn, wọ́n á wọ ṣòkòtò péńpé torí oòrùn. Ìwọ̀n òtútù omi ni kí ẹ fi yan aṣọ. Dáàmù yìí kan náà ló ń mú kí odò máa lọ sókè sódò lójúmọ́, torí ó ń pèsè iná mànàmáná: ọkọ̀ tí ẹ so sí etí omi lálẹ́ lè wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ láàárọ̀.

Ọ̀nà ìjáde ò tó nǹkan. Ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fi ń gòkè láti Phantom Ranch, ilé ìsinmi kan nísàlẹ̀ àfonífojì náà, ó sì lé ní 1,300 mítà sókè. Yàtọ̀ síyẹn, ó di hẹlikọ́pítà, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní fóònù sátẹ́láìtì tí ẹ máa fi pè é. Ní 1869, nígbà tí ikọ̀ John Wesley Powell, ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣàwárí ilẹ̀, kọ́kọ́ la àfonífojì yìí kọjá, ọkùnrin mẹ́ta kọ̀ láti wọ ibi ríru kan nítòsí òpin. Wọ́n gun òkè lọ, wọn ò sì yè é. Láàárín ọjọ́ méjì, àwọn tó dúró sórí omi ti jáde. Mi ò sọ ìtàn yìí láti fi sọ pé ẹni tí ẹ̀rù bà ló jẹ̀bi. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé nínú odò yìí, jíjáde náà jẹ́ ìrìn-àjò mìíràn, ó sì ní ewu tirẹ̀.

Ọ̀nà méjì ló wà láti lọ. Ẹ lè sanwó fún ilé-iṣẹ́ tó ní àṣẹ. Wọ́n á gbé yín lọ nínú ọkọ̀ rọ́bà onímọ́tò tàbí èyí tí amọ̀nà ń tù, ó máa ná yín ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, ó sì dáa kí ẹ ti gba àyè ní ọdún kan ṣáájú. Àwọn kan máa ń lọ ìdajì ọ̀nà, wọ́n á wọ̀ tàbí jáde ní Phantom Ranch. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ ṣètò tiyín. Láti 2006, lọ́tìrì ni iléeṣẹ́ ọgbà ìtura Amẹ́ríkà fi ń pín ìwé àṣẹ náà. Oṣù kejì ọdún ni wọ́n ń ṣe èyí tó tóbi jù, fún ọdún tó ń bọ̀, $25 sì ni owó fọ́ọ̀mù. Ikọ̀ kan kò gbọ́dọ̀ ju èèyàn 16 lọ, ẹnì kan kò sì gbọ́dọ̀ lọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Bí owó ṣe pín láàárín èèyàn 16, ó dín kù gidigidi sí ti ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa dáná, ẹ̀yin lẹ máa tukọ̀ ẹrù, ẹ̀yin náà lẹ máa gbé ìgbẹ́ gbogbo ikọ̀ jáde. Bí kò bá sí ẹni méjì tàbí mẹ́ta nínú yín tó ti tukọ̀ ẹrù lórí omi ńlá rí, ẹ má tíì ṣe é.

Futaleufú, ní Patagonia ti Chile

Aláwọ̀ búlúù ni omi rẹ̀, ó sì rẹwà débi pé àwọn tó rí i máa ń gbàgbé bó ṣe le tó. Argentina ló ti ń bọ̀, ó gba inú àwọn adágún kọjá kó tó wọ Chile. Nǹkan bí oṣù kejìlá sí oṣù kẹta ni àsìkò rẹ̀.

Ní Nile àti Zambezi, ìgbì ni ìṣòro. Níbí, àpáta ni. Ẹ gbọ́dọ̀ gba apá òsì àpáta kan, kí ẹ yí padà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, kí ẹ sì bọ́ sí apá ọ̀tún òmíràn. Ní apá kan odò náà, ibi ríru ń tẹ̀ lé ara wọn débi pé lílúwẹ̀ẹ́ ẹnì kan lè gùn gan-an nínú omi tútù. Ìdí nìyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó dáa fi máa ń gbé ọkọ̀ cataraft dání, ọkọ̀ alápò afẹ́fẹ́ gígùn méjì tí amọ̀nà kan ń tù, láti gba ẹni tó bá já sómi, ní àfikún sí àwọn oníkayak. Bí ilé-iṣẹ́ kan ò bá ní i, mo máa béèrè ìdí. Apá tí wọ́n ń pè ní Bridge to Bridge ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ wọ̀. Terminator àti Inferno Canyon jẹ́ ti ẹni tó ti múra tán, ọ̀pọ̀ sì máa ń gbé ọkọ̀ kọjá Throne Room.

Ohun tó fi dáa ju Colorado lọ ni pé ọ̀nà ọkọ̀ wà nítòsí ọ̀pọ̀ ibi, ẹ sì ń padà sùn lórí ibùsùn. Àmọ́ ó jìnnà púpọ̀ sí ìlú ńlá, owó ìrìnnà nìkan lè ju owó ọjọ́ mẹ́ta lórí Nile lọ. Ní 2016, ilé-iṣẹ́ iná Endesa fi ẹ̀tọ́ omi tó fẹ́ fi kọ́ dáàmù síbẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn ará àdúgbò ti bá a fà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Inú mi dùn sí èyí gan-an.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Bí ẹ kò bá tíì wọ omi ríru rí, tàbí tí ẹ fẹ́ kọ́ kayak nínú omi ńlá, Nile ni kí ẹ lọ, kí ẹ lo ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ sọ fún amọ̀nà pé kó jẹ́ kí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ já sómi níbi tí kò léwu kí ẹ tó wọ ibi ńlá.

Zambezi wà fún ẹni tí ara rẹ̀ le, tó mọ̀wẹ̀, tí ẹ̀rù kì í bà lábẹ́ omi, tó sì fẹ́ odò tó lágbára jù láàárín ọjọ́ kan. Ẹni tó ń ṣàìsàn ọkàn tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gun òkè, kó má lọ.

Colorado tọ́ sí àwọn tó ní àkókò ju owó lọ, tàbí owó ju àkókò lọ, tí wọ́n sì fẹ́ wà pa pọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Lójú mi, òun ló dáa jù fún ìdílé tí àwọn ọmọ wọn ti dàgbà díẹ̀, bí ilé-iṣẹ́ tó mọṣẹ́ bá gbé wọn lọ.

Futaleufú ni kí ẹ fi ṣe ìkẹyìn. Nínú ọkọ̀ rọ́bà pẹ̀lú amọ̀nà, ẹni tó ti wọ ìpele kẹrin lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta lè lọ. Pẹ̀lú kayak, bí ẹ kò bá lè yí ara yín dìde lábẹ́ omi ní ọ̀tún àti lósì, níbi tí omi ti ń ru gan-an, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìgbà mìíràn.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ ka ìwé adójútòfò yín kí ẹ rí i pé ó dárúkọ títukọ̀ lórí omi ríru àti gbígbé aláìsàn nínú hẹlikọ́pítà. Kí ẹ sì bi ilé-iṣẹ́ náà pé: omi tó bá kún dé ibo ni ẹ ò ní wọ̀ ọ́? Ẹni tó lè dá yín lóhùn lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n kan pàtó, ẹ lè sanwó fún un. Ẹni tó bá ní "a máa ń lọ ní gbogbo ìgbà," ẹ wá ẹlòmíràn.